Ojú òsì mi àti ọ̀sán-dòru 2006: ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kí 2034 tó dé

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń bi mí pé, "Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ máa ń di ojú òsì tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti òwú bọ abẹ́rẹ́?" Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkè-Fíà níbí l'Óṣogbo. Tí mo bá fi ojú òsì nìkan wo ihò abẹ́rẹ́, ihò yẹn á pòórá. Kì í ṣe pé mi ò ríran o, mo ń rí ọwọ́ mi, mo ń rí máṣíìnì, mo ń rí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ ibi tí mo bá tẹjú mọ́ gan-an ni nǹkan kan bíi ẹ̀kán epo kékeré máa ń dí. Ó ti ń lọ sí ogún ọdún báyìí. Mo ti sọ ìtàn ẹ̀ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù láìmọye ìgbà, mo wá rò ó pé ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọ̀sán-dòru tó ń bọ̀, ìyẹn eclipse, ìgbà tí òṣùpá bá gba iwájú oòrùn, ò jìnnà mọ́, àwọn ọmọ wa náà á sì fẹ́ wò ó bí mo ṣe fẹ́ wò ó nígbà yẹn.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló gbé ìfẹ́ ọ̀rọ̀ yìí sí mi lọ́kàn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn l'Ékòó ni wọ́n ń gbé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n wà ńbẹ̀ ní 1947 nígbà tí ọ̀sán dòru. May 20 ni, èmi ni mo padà wá déètì yẹn rí, àwọn ò mọ déètì, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àwọn ń gún ata lọ́wọ́. Wọ́n á ní, "Oòrùn àti òṣùpá ló ń jà. A kàn rí i pé ilẹ̀ ń ṣú, atẹ́gùn tútù ń fẹ́, àwọn adìyẹ ìyá onílé wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò tiẹ̀ sáré, wọ́n rọra ń wọlé bí ìgbà tí iṣẹ́ òòjọ́ ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi ń ké pè mí kí n wọlé, mi ò lọ. Ká tó pariwo tán, ilẹ̀ ti mọ́, àkùkọ wá ń kọ." Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ní kí wọ́n tún un sọ. Àwọn adìyẹ yẹn ló máa ń mú mi. Mo fẹ́ rí adìyẹ tó ń wọlé lọ sùn lọ́sàn-án gangan.

Torí náà nígbà tí wọ́n kéde lọ́dún 2006 pé eclipse ń bọ̀ ní Wednesday, March 29, àti pé Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n ti máa rí i, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. SS2 ni mo wà, ọmọ ọdún márùndínlógún. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi sọ nǹkan mìíràn nílé. Ìjọba ń ṣe ìkéde ní gbogbo ìgbà pé kí aráàlú má bẹ̀rù, pé kì í ṣe àmì ibi, torí ní January 2001 nígbà tí òṣùpá wọ òjìji ilẹ̀ ayé, ó dá wàhálà sílẹ̀ ní Maiduguri. Ohun tí etí mi gbà mú nínú gbogbo ẹ̀ ò ju méjì lọ: ẹ má bẹ̀rù, Nàìjíríà máa rí i. Bóyá wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ojú, bóyá wọ́n sọ apá ibi tó ti máa ṣú àti ibi tí kò ní ṣú, mi ò gbọ́ ìyẹn. Lójú tèmi Nàìjíríà ni Òṣogbo, Òṣogbo ni Nàìjíríà. Ìyá àgbà rí i l'Ékòó, àwa náà á rí i l'Óṣogbo, ó tán.

Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí mo wo oòrùn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, torí ó pẹ́ kó tó yé èmi náà. Tí òṣùpá bá gba iwájú oòrùn kọjá, òjìji ẹ̀ máa ń bọ́ sórí ilẹ̀ ayé, àmọ́ òjìji tó dúdú délẹ̀ yẹn ò fẹ̀ rárá. Ti 2006 yẹn, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju bíi kìlómítà 180 lọ níbi tó fẹ̀ dé. Ó ń sáré lọ lórí ilẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fa ìlà: ó bẹ̀rẹ̀ láti Brazil, ó gba orí òkun, ó gba Ghana, Togo, Benin, ó kan apá ìwọ̀-oòrùn àti àríwá Nàìjíríà, ó bọ́ sí Niger, Chad, Libya, Íjíbítì, Tọ́kì, títí dé Mongolia. Ẹni tó bá wà nínú ìlà yẹn á rí òru lọ́sàn-án. Ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á kàn rí oòrùn tí wọ́n bù jẹ ni, bí wọ́n ṣe ń bu búrẹ́dì jẹ. Òṣogbo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òṣùpá bo èyí tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá oòrùn wa lọ lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ò sì tó. Ìwọ̀nba tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ṣẹ́kù, bó tilẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀sán ṣì ni, ó sì ṣì lè jó ojú.

Ká ní mo mọ èyí ni, mi ò bá má dúró de òru tí kò ní dé. Òru tí mo dúró dè yẹn ló bà mí lójú jẹ́.

Ìmúrasílẹ̀ mi rèé. Ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa nítòsí Ọjà Ọba ti kán nínú ọdún tó ṣáájú, ìyá ẹ̀ ṣì ní fíìmù X-ray rẹ̀ nílé. A fi sísọ́ọ̀sì gé e sí wẹ́wẹ́, a pín in, èmi gba ibi tí egungun ojúgun wà torí ibẹ̀ ló dúdú jù lójú tèmi. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Àwọn kan lọ tò síwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà pé kó yá àwọn ní gíláàsì, àǹtí mi kan bu omi sínú abọ́ ńlá pé inú omi làwọn máa ti wò ó. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ní ohun tó yẹ kó ní.

Mo sì parọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo ní inú ń run mí kí n má baà lọ síléèwé, torí ilé làwọn adìyẹ wà, ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ni mo sì fẹ́ wà. Ẹ fi irọ́ yẹn sọ́kàn, ó máa padà wá.

Kó tó di aago mẹ́wàá òṣùpá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu oòrùn jẹ. Mo wò ó nínú fíìmù, mo rí i, inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́kún. Òótọ́ ni o, mi ò lè purọ́ fún yín, ó rẹwà. Ìmọ́lẹ̀ yí padà, kì í ṣe bíi ti ìrọ̀lẹ́ tó máa ń pọ́n, funfun ni àmọ́ ó ṣá, bí ìgbà tí iná NEPA bá ń wá pẹ̀lú agbára kékeré. Òjìji ọwọ́ mi lára ògiri ń gé gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bíi pé wọ́n fi réésà gé e. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí ìdáná wọn lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn wà lára adìyẹ, wọ́n ní, "Ó ń bọ̀. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Bó ṣe di bíi aago mẹ́wàá ààbọ̀, ó ku tẹ́ẹ́rẹ́, bíi oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ẹnì kan láti ojúlé kejì pariwo pé tó bá ti ṣú tán, èèyàn lè yọ fíìmù, kó fi ojú lásán wò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ fún ẹni tó wà nínú ìlà òjìji. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí oòrùn bá fi bò pátápátá, ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó. Àmọ́ fún àwa tá a wà l'Óṣogbo, májèlé ni. Torí mo wá ń yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́ bóyá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ti lọ, fíìmù náà ò jẹ́ kó mọ́ mi lójú dáadáa, mo bá yọ ọ́. Mo wò ó. Mo gbé ojú kúrò. Mo tún wò ó. Ìgbà kẹta mo tẹjú mọ́ ọn, mo dijú ọ̀tún kí n lè rí i dáadáa pẹ̀lú òsì. Kò dùn mí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù nìyẹn: kò dùn mí rárá, kò ta mí, omi ò bọ́ lójú mi. Ojú á sì rò pé kò sí wàhálà torí ìmọ́lẹ̀ ti dín kù.

Lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Adìyẹ kankan ò wọlé. Ọ̀kan kàn dúró, ó gbé orí sókè, ó tún padà sídìí jíjẹ. Ìyá àgbà ní, "Ṣé ó ti tán ni?" Mi ò lè dá wọn lóhùn. Inú mi bàjẹ́ bíi pé ẹnì kan yẹ̀ àdéhùn sí mi lára.

Lọ́sàn-án yẹn mo rí àmì kan lójú mi, irú èyí tí èèyàn máa ń rí tí wọ́n bá yà á ní fọ́tò pẹ̀lú fláàṣì. Mo rò pé á lọ. Mo sùn, mo jí, ó wà ńbẹ̀. Níléèwé lọ́jọ́ kejì mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù, tí mo bá wo ọ̀rọ̀ kan, lẹ́tà àárín ẹ̀ á sọnù. Mo ṣí ìwé gíráàfù mi, àwọn ìlà tó yẹ kó gún régé, wọ́n tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ láàárín. Ẹ̀rù bà mí débi pé ọwọ́ mi tutù.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ mẹ́rin. Torí inú rírun yẹn. Mo rò pé tí mo bá ní oòrùn ló bà mí lójú jẹ́, màmá mi á bi mí pé kí ni mo ń ṣe níta nígbà tí inú ń run mí. Ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi dákẹ́ yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ó yí nǹkan kan padà, dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ló ń dùn mí jù títí dòní. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí eclipse bá wáyé àti ọjọ́ kejì ẹ̀, ẹ fi ohùn tútù bi àwọn ọmọ yín léèrè bí ojú wọn ṣe rí. Ẹ bo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ìwé oníìlà síwájú wọn, ẹ ní kí wọ́n wo àárín ẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé òun ti ṣe ohun tí wọ́n ní kóun má ṣe ò ní fúnra ẹ̀ wá sọ fún yín.

Nígbà tí mo padà sọ ọ́, ẹnì kan nínú ẹbí ní ká fi omi ṣúgà sí i. Wọ́n fi sí i lẹ́ẹ̀mejì, ojú mi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó wá kún ìṣòro tó wà nílẹ̀. Ẹ má ṣe é. Níkẹyìn bàbá mi gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú. Dókítà yẹn fi iná wo inú ojú mi pẹ́ títí, ó sì ṣàlàyé fún wa pé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn nínú ẹyinjú, òun la fi ń ríran, ibi àárín ẹ̀ ni oòrùn jó. Awọ yẹn ò ní ohun tó ń gbọ́ ìrora, ìdí nìyẹn tí kò fi dùn mí. Ó ní fíìmù X-ray kàn ń mú kí oòrùn ṣókùnkùn lójú èèyàn ni, ìtànṣán tí ojú ò lè rí ṣì ń gba inú ẹ̀ kọjá, bó sì ṣe dúdú yẹn ẹyinjú á tún là sí i, á gba púpọ̀ wọlé. Bàbá mi bi í pé oògùn wo ni ká rà. Ó ní kò sí oògùn kan tó dájú, ká máa retí, pé ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sàn díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, ti àwọn mìíràn kì í lọ tán. Bàbá mi ò sọ̀rọ̀ kankan títí a fi délé.

Ti ọ̀tún mi lọ. Ti òsì dín kù, kò tán.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ra fóònù tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mápù 2006 yẹn. Mo rí ìlà òjìji, mo rí Òṣogbo níbi tó wà, níta. Mo fi fóònù sílẹ̀. Mo lọ bá Ìyá àgbà, mo ní, "Ìyá àgbà, kò tiẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa rárá, ó gba ibòmíì kọjá." Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ìyẹn ni pé ẹ̀gbọ́n mi ìbá máa gbé l'Óṣogbo nígbà yẹn, mi ò bá tí rí i?" Mo ní ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Orí mi ló gbé mi lọ s'Ékòó." Wọn ò tíì ronú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, láti 1947.

Ní Sunday, November 3, 2013, òmíràn tún wá. Gabon, Congo, Uganda àti Kenya ló kàn gan-an, àwa rí ìbùjẹ nìkan. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti mọ̀ pé kò ní ṣú, ọkàn mi ò sì dúró de nǹkan kan. A dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé ajere tí màmá mi fi ń sẹ́ ìrẹsì, mo kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, mo na ajere yẹn sókè, mo jẹ́ kí òjìji ẹ̀ bọ́ sórí pépà funfun tí mo tẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ihò ajere yẹn ló di oòrùn kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n ti bù jẹ! Àwọn ọmọ ilé ń pariwo, wọ́n ń kà wọ́n. Ìkùukùu wá dí i, ó tún ṣí. Lẹ́yìn náà ni mo wo abẹ́ igi máńgòrò wa, mo rí i pé gbogbo àlàfo àárín ewé ló ń ṣe ohun kan náà, ilẹ̀ kún fún oòrùn tí wọ́n gé létí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n ń mì bí atẹ́gùn bá ti fẹ́. Ó wà ńbẹ̀ ní 2006 náà, lábẹ́ igi kan náà, ẹsẹ̀ mi ló wà lórí ẹ̀, òkè ni mo ń wò. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo oòrùn fúnra ẹ̀, ẹ ra gíláàsì tí wọ́n dìídì ṣe fún un, kí ISO 12312-2, nọ́ńbà ìlànà ààbò fún gíláàsì tí wọ́n fi ń wo oòrùn, wà lára ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, torí nọ́ńbà yẹn ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń dán tèmi wò nínú yàrá: tí mo bá wọ̀ ọ́, mi ò gbọ́dọ̀ rí yàrá, mi ò gbọ́dọ̀ rí fèrèsé. Tó bá ti họ lára tàbí tó lu, ẹ jù ú nù. Ẹ wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbójú sókè, ẹ gbójú sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Gíláàsì dúdú tá a fi ń jáde ò wúlò fún èyí, bó ti wù kó dúdú tó. Ti wẹ́dà náà, nọ́ńbà wà lára ẹ̀ tó ń sọ bó ṣe dúdú tó, 14 ni wọ́n ní kéèyàn wá, mo lọ yẹ ti wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi wò, 11 ló wà lára ẹ̀. Omi inú abọ́ náà, oòrùn ṣì ni ẹ̀ ń wò nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún WhatsApp. Ní 2025 wọ́n pín in káàkiri pé ayé máa ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà ní August 2, mẹ́ta nínú àwọn kọ́sítọ́mà mi ló fi ránṣẹ́ sí mi. Irọ́ ni. August 2, 2027 ni wọ́n ń rí, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́, àmọ́ Spain, Morocco, Algeria, Tunisia, Libya, Íjíbítì, Saudi Arabia títí dé Somalia ló máa gbà kọjá. Lápá Luxor ní Íjíbítì á lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kò ní ṣú l'Óṣogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan dúró síta l'Óṣogbo kó máa retí òru lọ́jọ́ yẹn bí mo ṣe retí ẹ̀.

Tiwa ni March 20, 2034. Monday ni, láàárọ̀. Òjìji yẹn á wọ Nàìjíríà láti ojú òkun, á gba Cameroon, Chad, Sudan, Íjíbítì lọ. Mo ti pinnu pé mi ò ní gba ọ̀rọ̀ "Nàìjíríà máa rí i" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Tí ọdún yẹn bá ti sún mọ́, máa ṣí mápù, máa fà á tóbi títí màá fi rí àdúgbò, tí ìlà bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, èmi ni máa wọ mọ́tò lọ bá a láti ọjọ́ Saturday, máa lọ sí àárín ẹ̀ gan-an, kì í ṣe etí ẹ̀. Máa wá ibi méjì sílẹ̀ pàápàá, torí oṣù yẹn òjò ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ìkùukùu lè dí ọ̀kan.

Ìyá àgbà ti lọ ní 2015. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́sàn-án, mo sì ti sọ ìtàn ata àti adìyẹ fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Lọ́dún tó kọjá a ra kóló onígi kan, a fi máàkà kọ 2034 sí i lára, ó wà lórí àpò aṣọ lẹ́yìn máṣíìnì mi. Tí mo bá gba owó aṣọ, mo máa ń ju igba náírà tàbí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sí i. Lọ́jọ́ Sátidé ó bi mí pé níbi tá a bá máa lọ yẹn, ṣé wọ́n á ní adìyẹ. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ká kúkú gbé méjì dání.